Ṣí aṣọ ọmọ, wo àyà rẹ̀: ohun tí fùkù ewúrẹ́ kọ́ mi nípa èémí

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ikọ́ mú ọmọ àbúrò mi ní Ìkéré-Èkìtì níbí. Ọmọ oṣù 7 ni nígbà náà. Ọjọ́ kìíní, ó ń sunkún, ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ dí. Ọjọ́ kejì, Yèyé wa fi òrí pa á láyà, wọ́n rọ ọ́ ní àgbo, a wọ aṣọ òtútù méjì fún un, a dé e ní fìlà. Lóru ọjọ́ náà, igbe rẹ̀ dá. Gbogbo wa dúpẹ́. A ní àgbo ti ṣiṣẹ́, ọmọ ti rí oorun sùn.

Àárẹ̀ ló mú un. Agbára tí yóò fi sunkún ni kò sí mọ́. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn àdúgbò láàárọ̀, nọ́ọ̀sì kò tíì bi wá ní nǹkan kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Ó bọ́ èkíní, ó bọ́ èkejì, ó ṣí àyà ọmọ sílẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó sì ń ka èémí rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó ní, "68." Ó wá fi ìka tọ́ka sí abẹ́ ìhà ọmọ náà. Bó ṣe ń fa èémí ni ibẹ̀ ń wọ inú, bí ọ̀rá píọ́wọ́tà tí èèyàn ń fa omi inú rẹ̀ mu. Òtútù àyà ni. Wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n fún un ní ọ́síjìn àti abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà yè. Ó ti ń rìn báyìí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òru méjì ni mo fi jókòó ti ọmọ yìí, iná wà, ojú mi là, mi ò sì rí nǹkan kan. Aṣọ ni mo ń wò.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ 14 ló wà lọ́wọ́ èmi àti ẹnì kejì mi, àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ọdún kan. Bí mo bá lè jókòó ti ọmọ inú ilé wa kí n má rí i, kí ni mo ń rí lára ti ọlọ́mọ? Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ sí ìsọ̀ ẹran. Ẹ ra fùkù ewúrẹ́ pẹ̀lú gògóńgò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o."

Ẹ̀dọ̀fóró là ń pè é lára èèyàn, ṣùgbọ́n lórí pákó alápatà, fùkù ni. Mo sọ fún alápatà pé odidi ni mo fẹ́, láti ìdí ahọ́n dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ti àkọ́kọ́ tí mo rà kò wúlò, nítorí ọ̀bẹ ti kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atẹ́gùn ń jò jáde níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo dúró títí wọ́n fi pa ewúrẹ́ mìíràn, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń yọ ọ́.

Ní ẹ̀yìnkùlé nọ́ọ̀sì, a gbé e sínú abọ́ ńlá. A kò fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ẹran náà lè ní àrùn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ la lò. A gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, a tì í bọ gògóńgò, a fi òwú dè é pinpin, a sì so pọ́ǹpù mọ́ ọn.

Kí a tó fẹ́ ẹ, ó ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Lókè pátápátá, nídìí ahọ́n, ohun kan wà bí ewé kékeré, ó rọ̀, ó sì le díẹ̀. Ìdérí ni. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún èémí níwájú, èkejì fún oúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé nǹkan mì, gògóńgò á gbéra sókè, ìdérí yìí á bo ọ̀nà èémí, oúnjẹ á kọjá, a ó tún máa mí. Ẹ fọwọ́ kan gògóńgò yín kí ẹ gbé itọ́ mì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tí Yorùbá ń sọ nígbà tí a bá ní oúnjẹ pá èèyàn lórí: ìdérí kò tíì bò nígbà tí oúnjẹ dé.

Mo wá rántí bí a ṣe ń rọ ọmọ. A ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu rẹ̀, a ó di imú rẹ̀ kó lè gbé àgbo mì. Ọmọ tí a di nímú gbọ́dọ̀ mí láti ẹnu, ẹnu yẹn ló sì kún fún àgbo. Èémí àti omi á jọ wọ ọ̀nà kan náà. Mo jókòó síwájú abọ́ ẹran yẹn, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n rọ èmi náà bẹ́ẹ̀ dàgbà, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n èmi kò tún ní jókòó wò ó láé.

Gògóńgò fúnra rẹ̀ jẹ́ òrùka eegun rírọ̀ tó tò léra wọn, irú eegun tí a máa ń rún pọ̀ mọ́ ẹran. Òrùka náà kò pé yípo. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti fara kan ọ̀nà oúnjẹ, rọ̀ bí awọ, kí òkèlè lè rí àyè kọjá. Ti àgbàlagbà kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ kó tó pín sí méjì. Lára èèyàn, ẹ̀ka ọwọ́ ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, ó sì lọ tààrà sísàlẹ̀, ìdí rèé tí ẹ̀pà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọdé bá fà símú fi sábà máa ń bá ọ̀tún lọ. (Ti ewúrẹ́ yàtọ̀ díẹ̀: ẹ̀ka kékeré kan ti yà sí apá ọ̀tún kí gògóńgò tó dé oríta.)

Nígbà tí mo tẹ pọ́ǹpù, fùkù tó rọ jọ bí aṣọ tí a fún bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí. Àwọ̀ rẹ̀ ń mọ́ sí i bó ṣe ń wú, títí ó fi kún abọ́. Mo dáwọ́ dúró, ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ṣe é títí ọwọ́ fi ń ro mí. Nọ́ọ̀sì ní àwọn àpò wínníwínní ló kún inú rẹ̀, wọ́n ju mílíọ̀nù 300 lọ lára àgbàlagbà, ara wọn sì ni ọ́síjìn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òtútù àyà a máa fi omi àti ọyún kún inú wọn. Ó rọ omi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn kò gbérí dáadáa mọ́, bó ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Bí èémí kan kò bá mú ọ́síjìn tó wá, ara á fi iye dí i. Ohun tó fa 68 ọmọ wa nìyẹn.

Kíkà ni mo rò pé ó máa rọrùn jù, òun ló sì dà mí láàmú jù. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ka 80 lára ọmọ kan tó ń ṣeré láìsí àìsàn, àyà mi já. Mo ti ka gbígbé sókè gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, mo tún ka wíwálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan. Gbígbé sókè nìkan la ń kà. Ọmọ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Ọmọ tó ń sunkún kò ṣeé kà. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni, torí èémí ọmọ ọwọ́ kì í lọ déédéé. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 2, 60 sókè ti yá jù. Láti oṣù 2 títí yóò fi pé ọdún kan, 50 sókè. Láti ọdún kan títí yóò fi pé ọdún 5, 40 sókè. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà ju 20 lọ. Mo kọ ọ́ sára ògiri jẹ́lé-ó-sinmi wa ní gàdàgbà.

Iye nìkan kò tó. Ẹ wo abẹ́ ìhà bóyá ó ń wọ inú. Ẹ wo ihò imú bóyá ó ń fẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Ẹ gbọ́ bóyá ó ń ké "hùn, hùn" lábẹ́ èémí. Ẹ fún un lọ́mú, ọmọ tí kò bá lè fa ọmú, tàbí tó ń dákú sùn tí a kò lè jí, tàbí tí gìrì mú, ọsibítù ni ní wéré. Ní ti àwọ̀, ẹ má wo awọ ara àwa adúláwọ̀, ó lè tàn yín jẹ. Ẹ ṣí ètè, ẹ wo inú rẹ̀ àti ahọ́n. Bí ibẹ̀ bá ṣú bí eérú tàbí bí aró, ọ́síjìn ti dínkù gan-an.

Ó tún kọ́ mi láti fi ìró mọ ibi tí wàhálà wà. Bí èémí bá ń súfèé nígbà tó ń jáde, àwọn ẹ̀ka kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró ló fún, bíi ti oníkọ́ fée. Bí ariwo líle bá ń dún nígbà tí èémí ń wọlé, ọ̀fun lókè ló dí. Ó ní kí n di imú mi kí n máa fi stró mí fún ìṣẹ́jú kan. Kó tó pé ìdajì, mo ti tẹ̀ síwájú, ọwọ́ mi wà lórúnkún, mi ò lè sọ gbólóhùn kan parí. Bí oníkọ́ fée tó le ṣe máa ń jókòó gan-an nìyẹn. Bí súfèé rẹ̀ bá wá dákẹ́ tí ara kò sì tíì rọ̀ ọ́, ẹ má ṣe dúpẹ́ bí a ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Atẹ́gùn tó ń wọlé kò tó èyí tí yóò dún mọ́ ni.

Mo rántí òkú àgbà kan tí a lọ nílùú yìí, tí ẹran àti iyán pá bàbá kan lórí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn, kò wúkọ́, kò fọhùn. Àwọn kan ń gbá a ní àtàrí, àwọn kan ń fún un lómi. Ẹni tó gbá a lẹ́yìn gidi ni Ọlọ́run lò. Nọ́ọ̀sì ní bí èèyàn bá ṣì lè wúkọ́, ká jẹ́ kó máa wúkọ́ ọ́. Bí kò bá lè ṣe é, ká tẹ̀ ẹ́ síwájú, ká fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ìgbà 5. Bí kò bá jáde, ká dúró sẹ́yìn rẹ̀, ká di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, ká fà á wọlé sókè ní ìgbà 5, ká sì máa pààrọ̀ wọn. Ọmọ tí kò pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ gba ti ikùn. Orí apá la ó dà á dé, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ká gbá a lẹ́yìn ní ìgbà 5, ká yí i padà, ká tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 5. Kò sí omi, kò sí fífi ìka wá ohun tí a kò rí. Bó bá dákú, ká tẹ́ ẹ sílẹ̀, ká pe 112, ká máa tẹ àyà rẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bẹ́bí oníke la fi ṣe é, ó lé ní 30 ìgbà, títí ọwọ́ mi fi ń ṣe é láìrònú.

Ní oṣù Òkúdù, ọmọbìnrin ọdún 2 kan dákẹ́ síbi kan ní jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sunkún, kò ṣeré. Ẹnì kejì mi ní ẹ jẹ́ kó sinmi. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀. Mo ka 54, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọ inú. Mo pe ìyá rẹ̀, mo gbé e jókòó lórí itan mi nínú takisí, mi ò tẹ́ ẹ sílẹ̀, a forí lé Adó. Ohun tí wọ́n fi há a níka níbẹ̀ láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ mú 88 nínú 100; bí kò bá ti tó 90, ọ́síjìn ni wọ́n ń fún ọmọ. Ọjọ́ kẹfà, ó padà sílé.

Èyí tó kù ni Yèyé. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí àgbo. Mo kàn gbé fùkù kẹta wálé, mo gbé pọ́ǹpù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ìka gbé ìdérí yẹn sókè, wọ́n jẹ́ kó wálẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kò kàwé, òǹkà inú fóònù sì ń yára jù fún wọn, nítorí náà mo ka ẹyọ àgbàdo 40 sínú igbá kan, mo gbé igbá òfìfo tì í. Bí àyà ọmọ bá gbéra, ẹyọ kan á kọjá. Bí igbá bá gbẹ kí n tó ní ìṣẹ́jú ti pé, ká dìde.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ṣí aṣọ ọmọ àbúrò mi níbi tó sùn sí, wọ́n ní kí n gbé aago wá. Wọ́n ń gbé àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbójú kúrò láyà rẹ̀. Nígbà tí mo ní ó tó, a ka èyí tó kọjá. 28 ni. Wọ́n fa aṣọ bò ó padà, aṣọ kan ṣoṣo.