Bí A Ṣe Ń Mú Firefox Dójú Ìwọ̀n Láì Sọ Ètò àti Àfikún Inú Rẹ̀ Nù

Ní ìtòsí Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó tún gbé láptọ́ọ̀pù wá tí yóò sì kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ṣe àpdéètì bíráúsà òun. Èyí tí n kò gbàgbé nínú wọn ni bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó wọlé tọ̀ mí wá ní nǹkan bí àárín oṣù kẹta ọdún 2025. Firefox, bíráúsà tí ó ń lò, jẹ́ ẹ̀dà 102, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022, bàbá sì ti ń sá fún ẹ̀dà tuntun láti ìgbà náà nítorí àfikún (add-on, ètò kékeré tí a ń so mọ́ bíráúsà) mẹ́rin tí ó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀kan nínú wọn ń dí ìpolówó kí ó má baà jẹ dátà tán, òmíràn sì ń sọ ojú ìwé di dúdú nítorí ojú rẹ̀ tí kò gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú.

“Ọmọ mi,” ni bàbá wí, “n kò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ta ló wá pa wọ́n?”

“Bàbá, àìfọwọ́kàn yẹn gan-an ló pa wọ́n, sà.”

N kò fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Firefox kì í jẹ́ kí àfikún kankan ṣiṣẹ́ àyàfi tí òǹtẹ̀ Mozilla, àwọn tí ó ṣe Firefox, bá wà lára rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí kan tí wọ́n kó sínú bíráúsà náà fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ń mọ òǹtẹ̀ tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ìwé-ẹ̀rí ti àtijọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025. Ẹ̀dà 128 sókè ti ní tuntun nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni ESR 115.13 sókè, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́ fún àwọn tí kò fẹ́ àyípadà lemọ́lemọ́. Ẹni tí ó bá dúró sórí ohun tí ó ti gbó ju ìwọ̀nyí lọ, àfikún rẹ̀ ni kò ní òǹtẹ̀ tí a lè dá mọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí àfikún rẹ̀ pẹ́ ni ó yẹ kí ó máa mú bíráúsà rẹ̀ dójú ìwọ̀n, kí ó sì mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi méjì ni Firefox ń gbé lórí kọ̀ǹpútà Windows. Ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ wà nínú fódà Program Files, èyí ni àpdéètì ń pààrọ̀. Àwọn nǹkan tiyín, ìyẹn àfikún, ọ̀rọ̀ aṣínà, bookmark (ojú ìwé tí ẹ fi àmì sí), ìtàn ibi tí ẹ ti lọ àti gbogbo ètò tí ẹ fọwọ́ yín yàn, wà ní ibòmíràn tí ó jìnnà síbẹ̀, nínú fódà tí à ń pè ní prófáìlì, lábẹ́ AppData, Roaming, Mozilla, Firefox, Profiles. Orúkọ fódà náà sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tí kò ní ìtumọ̀, kí default-release tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ Firefox kúrò pátápátá, prófáìlì yìí kì í sábà bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú Windows tí ẹ ń lò, nítorí òun ni yóò sọ ibi tí ẹ lè dé. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ R, kí ẹ kọ winver sínú àpótí tí ó jáde, kí ẹ sì tẹ Enter. Bí ó bá jẹ́ Windows 7, 8 tàbí 8.1 ni, ESR 115 ni òpin ìrìn yín, ẹ má sì wá a kọjá ibẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ó gbé Windows 7 ṣì pọ̀ ní ìgboro Ifẹ̀, mo sì ti rí ọmọ yunifásítì tí ó fi òru odindi kan dáńlóòdù ẹ̀dà tuntun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní gbà láéláé.

Lẹ́yìn èyí ni kíkó ẹrù pamọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ ṣí Firefox, kí ẹ kọ about:support sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, kí ẹ sì tẹ Enter. Nínú tábìlì gígùn tí yóò jáde, ẹ wá ìlà tí a kọ Profile Folder sí, kí ẹ tẹ Open Folder tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fèrèsé kan yóò ṣí tí yóò fi inú prófáìlì náà hàn yín. Ẹ wá pa Firefox pátápátá, torí pé bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, yóò máa kọ nǹkan sínú àwọn fáìlì náà bí ẹ ṣe ń kó wọn, ohun tí ẹ kó lè má pé. Ẹ padà sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan nínú fèrèsé náà kí ẹ lè rí fódà prófáìlì lódindi, kí ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lé e, kí ẹ yan Copy, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fílááṣì.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá a kò kúkú lè mú fáìlì tí a nílò nìkan. Ó ṣeé ṣe, places.sqlite ni bookmark àti ìtàn wà, prefs.js sì ni ètò wà. Ṣùgbọ́n fáìlì àfikún fúnra rẹ̀ wà nínú fódà extensions, ohun tí àfikún náà ń rántí sì wà káàkiri ibòmíràn, bí àpẹẹrẹ nínú fódà storage. Ẹni tí ó bá ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan yóò gbàgbé nǹkan. Ẹ kó gbogbo rẹ̀.

Èmi náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo ń kó prófáìlì ìyá oníṣòwò aṣọ kan sórí fílááṣì nígbà tí iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù náà kò sì ní agbára kankan mọ́. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, mo wo fílááṣì, mo rí fódà náà níbẹ̀, mo ní ó ti parí, mo sì nu Windows rẹ̀ kúrò láti tún un fi sí. Ìgbà tí mo fẹ́ dá ẹrù padà ni mo tó rí i pé logins.json wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n key4.db kò sí. Èkíní ni àpótí tí Firefox ń ti ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, èkejì ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí yóò rọ kọ́kọ́rọ́ míràn fún un. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni èmi àti ìyá jọ ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ní ojú òpó kan lẹ́yìn òmíràn, ìyá ò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í kó ẹrù láì ṣe àyẹ̀wò: mo máa ń tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lé fódà ti orí kọ̀ǹpútà, mo máa ń yan Properties, mo sì máa ń wo iye fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀, kí n tó lọ wo ti orí fílááṣì bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Kí ẹ tó kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́, ẹ kọ about:addons sí ibi àdírẹ́sì, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò àwọn àfikún tí ẹ bá rí níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, yóò sì yọ yín nínú àríyànjiyàn ọ̀la nípa ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfikún mìíràn ní ọ̀nà tirẹ̀ láti tọ́jú ètò rẹ̀. uBlock Origin tí ń dí ìpolówó, fún àpẹẹrẹ, ní bọ́tìnnì Back up to file lójú ìwé Settings rẹ̀, ẹ sì lè fi fáìlì tí ó bá mú jáde sórí fílááṣì kan náà.

Ẹ wá lè ṣe àpdéètì. Ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tí ó wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Help, kí ẹ yan About Firefox. Bí fèrèsé kékeré yẹn bá ti ṣí ni Firefox yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dà tuntun, yóò sì dáńlóòdù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó bá ní kí ẹ tún òun ṣí, ẹ gbà fún un. Bí ẹ̀dà yín bá ti pẹ́ gan-an, ìgbésẹ̀ kan lè má tó, nítorí àwọn ẹ̀dà kan wà tí a gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí a tó dé iwájú. Nítorí náà, ẹ tún padà sí About Firefox lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí, títí yóò fi sọ fún yín pé kò sí tuntun mọ́. Ẹ má ṣe é pẹ̀lú bátìrì tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dúró sójú kan, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn ni kí a lọ sí ojú òpó Mozilla fúnra rẹ̀, kí a dáńlóòdù fáìlì ìfisórí kíkún, kì í ṣe èyí tí ó kéré tí yóò tún máa wá ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí a bá ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó san dátà, a ó sì fi sórí kọ̀ǹpútà bíi mẹ́ta láti orí fílááṣì. Ẹ má yọ Firefox àtijọ́ kúrò kí ẹ tó fi í sí, ẹ má sì yan fódà míràn fún un. Láti ẹ̀dà 67 ti ọdún 2019 ni Firefox tí a bá fi sí fódà ọ̀tọ̀ ti ń ní prófáìlì ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹkún “gbogbo nǹkan mi ti lọ” ti ń wá.

Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì rí i pé ó ṣófo, ẹ má tíì fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ẹ kọ about:profiles sí ibi àdírẹ́sì. Bí ẹ bá rí orúkọ prófáìlì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ Launch profile in new browser lábẹ́ èyí tí kì í ṣe èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ bá ẹrù yín níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ẹ tẹ Set as default profile. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa Firefox, kí ẹ ṣí fódà prófáìlì tuntun, kí ẹ sì da ohun tí ó wà nínú fódà ti fílááṣì sínú rẹ̀. Ohun inú fódà ni mo wí, kì í ṣe fódà náà lódindi, torí pé fódà nínú fódà, Firefox kò ní wò ó.

Bọ́tìnnì kan wà ní about:support tí ó ń jẹ́ Refresh Firefox. Orúkọ rẹ̀ dùn létí, ọ̀pọ̀ sì rò pé àpdéètì ni. Àfikún gan-an ni ó ń yọ kúrò, yóò sì dá ọ̀pọ̀ ètò padà sí bí wọ́n ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Fódà Old Firefox Data tí ó máa ń fi sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ni prófáìlì àtijọ́ wà, nítorí náà ẹ má gbá a dànù bí ìdọ̀tí. Ẹ tún mọ̀ pé prófáìlì tí ẹ̀dà tuntun bá ti lò, ẹ̀dà àtijọ́ kì í gbà á mọ́: yóò kìlọ̀, yóò sì ní kí ẹ dá òmíràn sílẹ̀. Ti orí fílááṣì nìkan ni ọ̀nà àbọ̀.

Ẹni tí ó ń lo Chrome, bíráúsà ti Google, kò ní wàhálà tó èyí bí ó bá ti fi àkáǹtì Google wọlé, tí ó sì tan ìṣọ̀kan (sync) rẹ̀, torí àfikún àti bookmark yóò bá a débikíbi. Orí Windows 7 àti 8.1, ẹ̀dà 109 ni òpin. Windows ni ó ń ti ọ̀rọ̀ aṣínà Chrome pa, nítorí náà bí ẹ bá kó fódà rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà míràn, ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní ṣí. Ìyàtọ̀ kan tún wà: Chrome ti dẹ́kun gbígba àfikún tí wọ́n ṣe sórí ìlànà àtijọ́ tí à ń pè ní Manifest V2, uBlock Origin sì wà lára wọn. Kò sí kíkó pamọ́ kankan tí yóò dá ìyẹn padà.

Ti bàbá olùkọ́, a kó prófáìlì rẹ̀ sórí fílááṣì, a ka iye fáìlì inú rẹ̀, a ṣe àpdéètì. Mẹ́ta nínú àfikún náà jí padà láìjẹ́ pé a ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó ṣe é ti fi í sílẹ̀, a sì wá òmíràn tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá wo ojú ìwé dúdú rẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú, ó tún fi í sójú. Nígbà tí ó fẹ́ lọ, mo fi fílááṣì náà lé e lọ́wọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí ohun gbogbo bá ṣì ń lọ déédéé, kí ó pa fódà inú rẹ̀ rẹ́, nítorí àpótí àti kọ́kọ́rọ́ ni ó jọ wà nínú fílááṣì yẹn. Bàbá kò fi Primary Password, ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà tí ń dáàbò bo àwọn yòókù, sí Firefox rẹ̀, ẹni tí ó bá sì rí i he yóò ka gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, títí kan ti báǹkì tí owó ìfẹ̀yìntì ń gbà wọlé.