Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọmọ wa tó ti ń bàlágà

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lọ́mọ ọdún 13 sókè nílé tára ẹ̀ ti ń sanra jù, ẹ má kàn sọ pé ara ìgbádùn ni o, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe tàgbàlagbà nìkan, ọmọdé náà ń ní in, kì í sì í sábà dùn wọ́n níbì kankan, àfi téèyàn bá wọ̀n ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá lọ wọ̀n ọ́n, kọ́mọ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn tì, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ẹ wo nǹkan tí wọ́n ń wé mọ́ apá yẹn dáadáa, torí tọ́mọ bá lápá ńlá tí wọ́n wá fi kékeré wé e, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n lọ mú èyí tó tóbi wá. Kó wà lábẹ́ 120/80 ló dáa. Tó bá tó 130/80, ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má sì fún un lóògùn bàbá ẹ̀ o! Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí dókítà wọ̀n ọ́n kó tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Nílé, ẹ dín iyọ̀ kù. Indómì alaalẹ́ yẹn, ìdajì èròjà inú sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti tó, ẹ má tún fi màgí sí i. Omi dípò mínírà. Kó máa gbá bọ́ọ̀lù tàbí kó rìn dáadáa, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ẹ dákun, ẹ má pè é ní òróbó, á kàn máa jẹun ní kọ̀rọ̀ ni, kí gbogbo ilé jọ máa jẹ oúnjẹ kan náà.