Ìpàtẹ ìwé nílé ẹ̀kọ́ girama: àwọn ọmọ ń wò, wọn ò rà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn. A ṣe ìpàtẹ ìwé lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú la fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn òbí. Àwọn ọmọ rọ́ bo àtẹ, wọ́n ń ṣí ìwé wò, ṣùgbọ́n ohun tí a tà kò tó nǹkan. Kí la ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìyànjú, tíṣà. Ọmọ tó kórìíra ìwé kò ní dúró ṣí i wò. Owó ni kò sí lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kò lè ṣàdédé yọ owó ìwé nínú owó ọjà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Àjọ ló gbà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kìíní, a pín káàdì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí alájọ máa ń gbé kiri ìsọ̀. Ọmọ tó bá ń dá 100 náírà lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 15 ó ti ní 1,500 náírà. Olùkọ́ kíláàsì á fọwọ́ sí káàdì, owó á wọ báńkì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ẹjọ́ owó ọmọ kì í tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìpàtẹ, káàdì lọmọ máa mú wá, wàhálà ṣéńjì dópin nìyẹn.

Ti ọmọ tí kò rí owó dá ńkọ́? Ẹ bẹ àwọn tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ yín kí wọ́n bá a dá a. Ṣùgbọ́n kí káàdì rẹ̀ rí bíi ti àwọn yòókù gẹ́lẹ́, kí ẹ má kọ "ọ̀fẹ́" sí i. Mo ti rí ọmọ tó sá pamọ́ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ìpàtẹ fi parí nítorí irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìbéèrè: Ìwé WAEC àti ìbéèrè àtijọ́ nìkan làwọn òǹtàwé kó wá.

Ìdáhùn: Ohun tó dá wọn lójú pé yóò tà ni wọ́n kó. Ẹ mú ọmọ márùn-ún, ẹyọ kan láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, JSS 1 dé SS 2, kí ẹ jọ lọ sí Jẹ́ríkò n'Íbàdàn níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde, bíi University Press, HEBN àti Evans, wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ náà yan ìwé ìtàn fúnra wọn. Ohun tí wọ́n bá yàn làwọn ẹgbẹ́ wọn máa rà. Ẹ tẹ́ ìwé tòkúnbọ̀ sí tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó ní 300 náírà péré má padà lọ́wọ́ òfo. Mo bẹ̀ yín, tíṣà, ẹ má ti ìwé Yorùbá sí kọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sáàárín, kí ọmọ tóhùn rẹ̀ já gaara máa ka ojú ewé kan sókè níbẹ̀.

Ìbéèrè: Òǹtàwé kan kọ̀ láti gba èyí tó kù padà.

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìwé tó dé: èyí tó bá tà lẹ ó sanwó rẹ̀, èyí tó bá kù ẹ ó dá a padà. Ẹ jọ kà á nígbà tó dé, ẹ jọ kà á nígbà tó ń lọ, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè: Òjò ba ìwé wa jẹ́. April 23, ọjọ́ ìwé lágbàáyé, la yàn.

Ìdáhùn: UNESCO ló ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ ní 1995, ó sì wuyì. Ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀ níbí nígbà náà, ọkàn SS 3 sì ti wà lórí WAEC. Ẹ ṣe é ní February, nínú gbọ̀ngàn, kí ẹ sì ní tapólì nítòsí.