Ibi tó yẹ kí kọ́mà wà nínú gbólóhùn Yorùbá, àti ibi tí kò yẹ kó dé

Ẹ wo gbólóhùn yìí ná: "Nígbà tí mo fi máa rí bàbá Títí ti lọ." Ta ló lọ níbẹ̀? Ojú yín á ti so bàbá mọ́ Títí kẹ́ ẹ tó mọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá dé "ti lọ" lẹ máa rí i pé nǹkan ò bára mu, lẹ máa padà sẹ́yìn lọ tún un kà. Kọ́mà kan péré ló ń fẹ́: "Nígbà tí mo fi máa rí bàbá, Títí ti lọ." Bàbá lọ́tọ̀, Títí lọ́tọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kọ́mà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì nínú Yorùbá, pé ibi téèyàn bá ti mí ni kó fi í sí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Bá a ṣe ń to ọ̀rọ̀ lédè wa gan-an ló jẹ́ ká nílò ẹ̀ púpọ̀. Tí ọ̀rọ̀ orúkọ méjì bá tẹ̀ léra, èkejì ló sábà máa ń ni àkọ́kọ́: ìwé olùkọ́, ilé ọ̀rẹ́, orúkọ ọmọ, a kì í fi nǹkan kan sáàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà, a máa ń tò wọ́n tẹ̀ léra ni: ó jókòó jẹun, ó gbà á kà, ó sáré jáde. Ẹni tó ń kàwé ti mọ́ ọn lára láti máa so ohun tó bá fara kanra pọ̀, tẹ́ ò bá sì fi kọ́mà dá a dúró, á máa so ó lọ ni.

Ibi tí èyí ti ń fa wàhálà jù ni apá gbólóhùn tó ń sọ ìgbà, ìdí tàbí ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, tí kò sì lè dá dúró fúnra ẹ̀. Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Ẹ máa dá a mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí tí tàbí bí pẹ̀lú bá, nígbà tí, lẹ́yìn tí, kí pẹ̀lú tó, torí pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé. Tó bá jẹ́ òun ló ṣíwájú, ẹ fi kọ́mà parí ẹ̀ kí olórí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

"Lẹ́yìn tá a pe dókítà, ọmọ náà sùn." Ẹ yọ kọ́mà yẹn, ó ti di dókítà ọmọ náà. "Nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹran, ajá náà wọlé." Ẹ yọ ọ́, ẹran ajá ni wọ́n ń jẹ yẹn, a ò sì mọ ẹni tó wọlé mọ́. Ti ọ̀rọ̀ ìṣe náà nìyí: "Tó o bá jókòó, jẹun" ti parí, ẹ ní kó jẹun tó bá ti jókòó. Àmọ́ "Tó o bá jókòó jẹun" ò tíì parí o, ẹni tó ń kà á ṣì ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá jókòó jẹun tán. Àwọn kan máa ń sọ pé tí gbólóhùn bá kúrú kò nílò kọ́mà. Nínú àwọn tí mo kọ sókè yìí, èyí tó kúrú jù ló yí ìtumọ̀ padà jù, torí náà, gbólóhùn ì báà kúrú, ẹ fi sí i.

Ibì kan wà tí òfin yìí ò ti ṣiṣẹ́ ṣá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí àṣìṣe jù. Tí "ni" bá tẹ̀ lé awẹ́ gbólóhùn tó ṣíwájú, kọ́mà ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. "Nígbà tó dé, mo jáde" dáa. "Nígbà tó dé ni mo jáde" náà dáa, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀ ń tẹnu mọ́, "ni" ló sì so apá méjèèjì pọ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi kọ́mà síwájú ẹ̀, ẹ ti já okùn tí ẹ fúnra yín so. Torí náà, "Torí pé ara ẹ̀ ò yá, ni kò ṣe wá" ò dáa, ẹ yọ kọ́mà yẹn. Ohun tó ń ṣini lọ́nà ni pé "ni" máa ń fara pa mọ́ sínú ló, lo, la àti lẹ. "Kó tó dé la ti parí iṣẹ́": "ni a" ló wà níbẹ̀ yẹn, kò gba kọ́mà. "Kó tó dé, a ti parí iṣẹ́": kò sí "ni", ó gba kọ́mà. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ tú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sí méjì kẹ́ ẹ wò ó.

Tí awẹ́ gbólóhùn yìí bá wà lẹ́yìn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò nílò nǹkan kan. "Pè mí tó o bá dé." "Mo tètè jí kí n lè múra dáadáa." "Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde." Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ "tí", torí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. "Màá ra ìwé tó o bá fẹ́" túmọ̀ sí pé ìwé yòówù tó wù ẹ́ ni màá rà. "Màá ra ìwé, tó o bá fẹ́" túmọ̀ sí pé màá ra ìwé tó o bá ti gbà pé kí n rà á. Èmi ò fẹ́ràn kí n gbé gbogbo ẹrù yẹn lé kọ́mà kan lórí, ohun tí màá ṣe ni kí n gbé e síwájú, "Tó o bá fẹ́, màá ra ìwé", ọ̀rọ̀ ti tán.

"Torí" náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí "kò" tàbí "mi ò" bá ṣíwájú ẹ̀. "Mi ò fẹ́ ẹ torí owó." Ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ ni, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ló fà á, àbí ẹ fẹ́ ẹ, àmọ́ kì í ṣe owó lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ ẹ? Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ fi kọ́mà sí i: "Mi ò fẹ́ ẹ, torí owó." Tó bá jẹ́ ìkejì, ẹ sọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ gan-an: "Kì í ṣe torí owó ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

"Bó tilẹ̀ jẹ́ pé" yàtọ̀ sí àwọn tó kù, ó máa ń gba kọ́mà kódà tó bá wà lẹ́yìn, torí ó ń ta ko ohun tó ṣíwájú ẹ̀: "Ó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní kó má lọ." Ẹ wo "nígbà tí" náà. "Bọ́lá sùn nígbà tí à ń ṣiṣẹ́" ń sọ àkókò lásán. "Bọ́lá ń sùn, nígbà tí àwa ń ṣiṣẹ́" ti ń fi wa wéra, inú ẹni tó sọ ọ́ ò sì dùn.

Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti fi nǹkan méjì kora wọn lójú báyìí, kọ́mà ló ń la àárín wọn. "Títí ni mo pè, kì í ṣe Bọ́lá." "Iṣẹ́ ló pọ̀, ọ̀lẹ kọ́." "Kì í ṣe pé ó pẹ́ dé nìkan, kò tún mú ìwé ẹ̀ dání." Tẹ́ ẹ bá ki ìtakò yẹn sáàárín gbólóhùn, kọ́mà méjì ló ń gbà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn: "Olùkọ́ wa, kì í ṣe ọ̀gá àgbà, ló fọwọ́ sí i." Mo mọ̀ pé ẹnì kan á rántí ohun tí mo sọ nípa "ló". Kọ́mà tó wà níwájú "ló" níbí kì í ṣe ti "ló" rárá, ọ̀rọ̀ tá a kì sáàárín ló ń pa dé. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn, kọ́mà méjèèjì á bá a lọ: "Olùkọ́ wa ló fọwọ́ sí i."

Ti "kọ́" ṣe pàtàkì fún àwa tá a máa ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i. "Emi ko oun ni" lè dá orí èèyàn rú. "Emi ko, oun ni" yéni kíá.

Àmọ́ àti ṣùgbọ́n: kọ́mà wà níwájú wọn tí wọ́n bá so gbólóhùn méjì pọ̀, "Mo pè é, àmọ́ kò gbé e." Kì í wà lẹ́yìn wọn, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki nǹkan míì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀: "Àmọ́, tá a bá wò ó dáadáa, ẹjọ́ tiẹ̀ kọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í wà lẹ́yìn "pé". "Ó sọ pé, òun ń bọ̀" ò dáa.

Nígbà míì ẹ máa fi gbogbo kọ́mà síbi tó yẹ, gbólóhùn yẹn á ṣì wúwo: "Nígbà tí mo dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú, torí pé ẹ ní kí n wá, mo kanlẹ̀kùn, àmọ́ ẹnì kankan ò dáhùn." Ẹ gé e sí méjì: "Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo dé. Torí pé ẹ ní kí n wá, mo kanlẹ̀kùn, àmọ́ ẹnì kankan ò dáhùn." Kọ́mà mẹ́rin ti di méjì.