Bẹ́ ẹ ṣe lè rí ìrànwọ́ gidi tí Mac yín bá ń yọ yín lẹ́nu

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kọ "Mac mi ti bàjẹ́ o" sórí WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ mọ irú Mac tó wà lọ́wọ́ yín, torí kò sẹ́ni tó lè dá yín lóhùn láìmọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ àmì Apple tó wà lókè lápá òsì, ẹ wá mú About This Mac, ibẹ̀ lẹ ti máa rí orúkọ ẹ̀, chip ẹ̀ (ìyẹn ohun tó dà bí ọpọlọ ẹ̀), serial number ẹ̀ àti macOS (ìyẹn ètò tó ń darí Mac) tó wà lórí ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Chip yẹn ló ṣe kókó jù. Ìparí 2020 ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í kó M1 sínú Mac, Intel ló wà nínú àwọn tó ṣáájú, àtúnṣe wọn ò sì jọra rárá. Bí àpẹẹrẹ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Mac fúnra ẹ̀ yẹ ara ẹ̀ wò bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ Intel, bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án lẹ máa tẹ D mọ́lẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ M (ìyẹn M1 àtàwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀), bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án lẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí startup options á fi jáde, ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ Command àti D mọ́lẹ̀ pa pọ̀. Kóòdù tó bá gbé jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan kan ni, Help tó wà lókè yẹn ti tó, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn kì í fi í wò ó! Ká ní ẹ wà nínú Safari, ẹ fẹ́ sọ ojú ìwé kan di PDF. Ẹ tẹ Help, ẹ kọ pdf sínú àpótí ẹ̀, ẹ gbé mouse lé Export as PDF, menu File á ṣí fúnra ẹ̀, ọfà kan á sì máa tọ́ka síbi tó wà gan-an.

Ìwé ìtọ́sọ́nà macOS wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní support.apple.com, ẹ rí i pé èyí tó bá macOS tiyín mu lẹ̀ ń kà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì tó ń lo Mac, Apple Support Communities wà níbẹ̀, ẹ sọ irú Mac yín, macOS ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe, àti ohun tó kọ sójú screen gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra o! Tí nǹkan bá ṣàdédé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Mac yín ti kó fáírọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà báyìí báyìí, gbájú-ẹ̀ ni, ẹ tì í pa. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní password yín, ẹ má sì da ohun tẹ́ni tẹ́ ò mọ̀ fi ránṣẹ́ sínú Terminal (ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Mac), pàápàá èyí tó bá fi sudo bẹ̀rẹ̀, torí sudo máa ń fún àṣẹ náà lágbára láti yí nǹkan pàtàkì pa dà nínú Mac.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ fi Time Machine (ètò inú Mac tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì) da gbogbo fáìlì yín sórí hard drive míì ná, kẹ́ ẹ sì fi serial number yẹn wò ó ní checkcoverage.apple.com bóyá ó ṣì ní wáràńtì, kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nì kankan.