Ẹ yéé sọ karma di èpè: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ gbọ́ ná, táyà ọkọ̀ ẹnì kan á bẹ́ lójú títì, ẹlòmíì á ti sáré kọ ọ́ sórí Facebook pé karma ti mú un, àfi bíi pé karma jẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n máa ń rán sí ọ̀tá ẹni. Èmi náà ti ṣe é rí o, mi ò ní purọ́. Ẹ̀san lẹ̀ ń sọ níbẹ̀ yẹn jàre. Nínú ẹ̀sìn Buddha, ìṣe lásán ni karma túmọ̀ sí, kamma ni wọ́n ń pè é lédè Pali, èdè ìwé mímọ́ wọn àtijọ́, Buddha tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀ sì sọ ọ́ ketekete pé ohun téèyàn ní lọ́kàn tó fi ṣe nǹkan lòun ń pè bẹ́ẹ̀. Èèrà tẹ́ ẹ tẹ̀ pa láìrí i yàtọ̀ séyìí tẹ́ ẹ dúró tẹ̀ pa. Tínú yín bá wá ń dùn pé táyà ẹni ẹlẹ́ni bẹ́, inú dídùn yẹn, karma tiyín nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn rí abirùn tàbí aláìsàn kó ní ohun tó ṣe nígbà tó wá sáyé ṣáájú èyí ló ń jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù tipẹ́ á rántí Glenn Hoddle, irú ọ̀rọ̀ yìí nípa àwọn abirùn tó jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ló gba iṣẹ́ kóòṣì England lọ́wọ́ ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1999, òun ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀sìn Buddha o. Ọkùnrin kan, Sivaka, ti bi Buddha léèrè rí bóyá gbogbo ohun tó ń ṣèèyàn ló tọwọ́ ìṣe àtẹ̀yìnwá wá. Ó ní rárá. Ó ka nǹkan mẹ́jọ, òróòro, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ara, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà pọ̀, ojú ọjọ́ tó yí padà, àìtọ́jú ara, kí wọ́n ṣeni léṣe, karma wá ṣìkejọ. Torí náà tí ibà bá ń ṣe yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Àwọn kan sọ ọ́ di ìwé báńkì, wọ́n á purọ́ láàárọ̀, wọ́n á fún alágbe lówó nírọ̀lẹ́, ó tán. Ní Thailand wọ́n ń ta ẹyẹ inú àgò nítòsí tẹ́ḿpìlì kéèyàn lè tú u sílẹ̀ gba oore, bẹ́ẹ̀ torí kí wọ́n lè tà á ni wọ́n ṣe lọ mú un!

Ẹlòmíì ní "karma mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?" Buddha ní iyọ̀ díẹ̀ nínú ife omi kékeré, omi yẹn ò ṣeé mu mọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn náà nínú Ganges, odò ńlá India, ńkọ́? Ìṣe burúkú àtẹ̀yìnwá niyọ̀ yẹn, ìwà tẹ́ ẹ ń hù báyìí lomi yẹn, ẹ bu sí i.

Rahula ọmọ ẹ̀ ni Buddha kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìwà ara ẹni: kó yẹ ara ẹ̀ wò bí ẹni wo dígí kó tó ṣe nǹkan, tó bá ń ṣe é lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tó bá ṣe é tán, tó bá sì ti ṣe ẹlòmíì ní ibi, kó lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ ẹ̀. Èmi, orí WhatsApp ẹbí wa ni mo ti ń lò ó, kí n tó fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra mi, èyí tí mo ti dìlíìtì ti lé ní ogún.