Bí Onísọ̀ Kékeré Ṣe Lè Mọ Ẹ̀rọ Ìgégi Aláìlórúkọ Tó Yẹ Kí Ó Kó

Láti oṣù Okúdù ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa pinnu, ni owó ẹ̀rọ ìgégi Stihl ti ilẹ̀ Jámánì àti Husqvarna ti ilẹ̀ Sweden ti ga kọjá apá ọ̀pọ̀ agégi tó ń bá wa rajà. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí ni àwọn ẹ̀rọ tí orúkọ wọn ṣàjèjì ń gbà wọlé, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ṣáínà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Aṣojú wọn á gbé ọ̀kan kalẹ̀ lórí káńtà, á fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rọ náà á sì dún. Èrò tèmi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìgégi tó sì ń tún un ṣe nítòsí ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, ni pé onísọ̀ kékeré lè kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rí sípéà páàtì rẹ̀ rà ná, kí ó tó san owó ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bọ̀ wá rà á lọ́wọ́ yín. Àgbẹ̀ oníkòkó tó fẹ́ gé ẹ̀ka tó ṣíji bo oko rẹ̀, ẹni tó ń ta igi ìdáná, àti ẹni tó ń gé igi tí ìjì bì lulẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pa á. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kọ 52 tàbí 58 sí lára, ìyẹn bí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó ní cc, lè tó wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń la pákó nínú igbó yàtọ̀ pátápátá, nítorí ọwọ́ lásán ni ó fi ń darí ẹ̀rọ bí ó ti ń la ìtì ìrókò tàbí apá láti ìdí dé orí, tí ẹ̀rọ yóò sì máa sáré lórí iná kíkún fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́. Igi lílà lóròó ń fa agbára lára ẹ́ńjìnnì ju kí a gé e ní ìbú lọ. Ìdí nìyẹn tí irú àwọn oníbàárà yìí fi rọ̀ mọ́ Stihl 070, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 106, tàbí MS 381 tó lé díẹ̀ ní 72. Ẹni tó bá ta 52 fún wọn ti fi owó ara rẹ̀ ra ẹjọ́.

Ní ti sípéà páàtì, ojú mi ti rí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó ẹ̀rọ mẹ́fà lára irú kan tí n kò ní dárúkọ. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì wọn. Jíà kékeré kan, tí wọ́n fi ike ṣe, ni ó ń yí ohun tó ń fa ọ́ìlì sára ṣéènì, kò sì tó orí àtàǹpàkò mi. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, eyín jíà náà ti jẹ tán lára mẹ́ta nínú àwọn tí mo tà. Nígbà tí ọ́ìlì kò dé ara ṣéènì mọ́, irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lé gbóná débi pé etí rẹ̀ dúdú bí aró. Mo mú jíà náà lọ́wọ́, mo fi wá gbogbo ọjà, n kò rí irú rẹ̀, nọ́ńbà ẹni tó kó ẹ̀rọ náà fún mi kò sì lọ mọ́. Àwọn tí n kò tíì tà ni mo tú palẹ̀ kí n lè fi ẹ̀yà wọn tún ti àwọn oníbàárà ṣe, mo sì dá owó padà fún ẹnìkan tí kò lè dúró mọ́.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè iye, mo máa ń béèrè ẹ̀rọ tí èyí fara jọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ aláìlórúkọ ni wọ́n ṣe ní àwòkọ ẹ̀rọ kan tó ti gbajúmọ̀, débi pé pístìnnì, kabúrétọ̀ tàbí kílọ́ọ̀ṣì ti ọ̀kan lè wọ inú èkejì. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lórí èyí. Ẹ tú ẹ̀yà náà síta, kí ẹ fi sínú ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ rí i pé ó jókòó dáadáa. Bí ó bá wọ̀ ọ́, a jẹ́ pé sípéà páàtì rẹ̀ ti wà káàkiri ọjà. Bí kò bá bá èyíkéyìí mu, ọwọ́ aṣojú kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yín wà, nítorí náà kí aṣojú náà kó pístìnnì pẹ̀lú ríìngì rẹ̀, kabúrétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì, súpìríǹgì okùn ìfà, àti ohun tó ń fa ọ́ìlì sára ṣéènì pẹ̀lú jíà rẹ̀ wá pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Èmi a máa ya ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fẹ́ ná sọ́tọ̀ fún wọn.

Ṣéènì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ wọn àlàfo láti orí ìṣó kìíní tó so ṣéènì pọ̀ dé orí ìkẹta, kí ẹ pín in sí méjì. Bí ó bá fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 8.25, ṣéènì tí wọ́n ń pè ní .325 ní ìwọ̀n íǹṣì ni, bí ó bá jẹ́ 9.3, 3/8 ni. Bí ó bá lé ní 10, .404 ni. Kí ẹ tún ka eyín tó ń wọ inú kòtò irin gbọọrọ náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ṣéènì tí ẹ ń tà tẹ́lẹ̀ yóò bá a lọ. Ẹ̀rọ tí ṣéènì rẹ̀ kò bá sí lọ́jà, ẹ jẹ́ kí aṣojú gbé e padà.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà yẹ ní yíyẹ̀wò. Ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ tú sìlíńdà rẹ̀, kí ẹ wọn ìbú ihò rẹ̀ àti ìrìn pístìnnì. Bí ihò bá jẹ́ mìlímítà 45.2, tí pístìnnì sì ń rin mìlímítà 34, ìṣirò yóò fún yín ní 54.6, kì í ṣe 58. Èyí nìkan kọ́ ló yẹ kí ó mú yín kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ wọ̀n ni kí ẹ sọ fún oníbàárà.

Lórí ààbò, n kì í dá sí ọ̀rọ̀ owó rárá. Bí orí irin gbọọrọ náà bá ṣèèṣì kan igi, ẹ̀rọ lè ta padà sí ojú ẹni tó mú un kí ó tó ṣẹ́jú. Ẹ tan ẹ̀rọ náà láìtẹ iná, ìyẹn ohun tí ìka ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ lè sáré: ṣéènì kò gbọdọ̀ yí. Ẹ tẹ iná díẹ̀, kí ẹ ti ọwọ́ búréèkì síwájú: ṣéènì gbọdọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, kí ẹ dá búréèkì padà, kí ẹ di ìmú ẹ̀yìn mú ṣinṣin, kí ẹ sì jẹ́ kí orí irin já lu kùkùté láti nǹkan bí ìdajì mítà: búréèkì gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ mú. Èyí tó bá kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ wọ ìsọ̀ yín, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ má sì da ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ayédèrú tó wọ aṣọ Stihl. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ òwò. Ti ìkejì jẹ́ ẹ̀tàn, ó sì lè mú yín dé iwájú adájọ́. Ẹ béèrè ìwé SONCAP tí SON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí bí ọjà ṣe péye tó, fi ń jẹ́rìí sí ọjà tó wọlé láti òkèèrè. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó péye, ojú ẹni tó tà á fún un ni yóò sì kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, kí aṣojú kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò gba ẹ̀rọ tó ní àbùkù padà, kí ó sì kọ iye ọjọ́ tí yóò gbà.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti yanjú, ẹ kó méjì tàbí mẹ́ta péré. Ẹ fi ọ̀kan lé agégi tó mọṣẹ́, tí ẹ sì fọkàn tán, lọ́wọ́ fún oṣù kan, kí ó máa fi ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ́ ẹni tó bá ra ìyókù bí a ṣe ń po epo: bí ìwé ẹ̀rọ bá ní 25 sí 1, lítà márùn-ún bẹntiróòlù yóò gba mìlílítà 200 ọ́ìlì, bí ó bá jẹ́ 50 sí 1, yóò gba 100. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń padà wá pẹ̀lú pístìnnì tó ti fín, bẹntiróòlù lásán ni wọ́n bù sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ tà á àti gbogbo ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ sínú ìwé kan. Bí ẹ bá wá kó sí i lẹ́yìn ìyẹn, tí oṣù mẹ́fà sì pé, tí ju ọ̀kan lọ nínú mẹ́rin bá ti padà wá fún àbùkù tí kì í ṣe ti oníbàárà, ẹ dá èyí tó kù padà fún aṣojú, kí ẹ sì pa sípéà páàtì mọ́ fún àwọn tí ẹ ti tà fún.